Ehoro ò jẹ́ kí n rí tẹ̀tẹ̀ jẹ, káńfọ̀ náà ò sì ràn wọ́n

Ìbéèrè tó wọlé rèé, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bowie ní Maryland la ń gbé. Mo gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú àti ẹ̀wà sẹ́yìnkùlé wa nínú bẹ́ẹ̀dì onípákó méjì, ilá àti ata rodo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ehoro ti fẹ́ jẹ gbogbo ẹ̀ tán. Màmá ọkọ mi ní kí n da káńfọ̀ yí i ká, mo dà á, wọ́n ṣì ń jẹ ẹ́. Mo ra wáyà aláwọ̀ ewé, mo fi yí i ká, wọ́n tún wọlé. Ọkọ mi wá ní òun máa ra tàkúté kóun máa kó wọn lọ sí páàkì. Láìpẹ́ yìí nǹkan kan tún jẹ orí ilá mi tó ti ga tó àyà mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe tí màá fi rí ẹ̀fọ́ jẹ lọ́dún yìí?"

Ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ sì kú àmúmọ́ra. Ẹni tó bá ń dáko ẹ̀yìnkùlé ní Maryland ló mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń dunni tó. Ẹ ó ti gbin ata rodo sínú ife lójú fèrèsé láti bí oṣù kẹta, ẹ ó máa wojú ọjọ́ títí di oṣù karùn-ún kí ìrì dídì má baà pa á, ẹ ó wá gbé gbogbo ẹ̀ síta tán, kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ kùkùté ló kù. Àmọ́ nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, ọ̀rọ̀ ilá yẹn ni mo kọ́kọ́ gbá mú, torí òun ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ehoro nìkan kọ́ lẹ ń bá jà. Ó kéré tán ẹranko méjì ló ń jẹun nínú gádìn yín, wáyà tó sì máa dá ọ̀kan dúró, èkejì á kàn fò ó kọjá ni. Torí náà kẹ́ ẹ tó tún ná kọ́bọ̀ kan, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ olè tó ń wọlé.

Ehoro ò lè jẹ ohun tó bá ju bí ẹsẹ̀ bàtà 2 sókè, àfi nígbà òtútù tí yìnyín bá kún ilẹ̀ tó wá lè dúró lé e. Ilá tó ga tó àyà èèyàn, àgbọ̀nrín ni. Ẹ lọ wo ojú ibi tí wọ́n ti jẹ ẹ́. Ehoro ní eyín mímú lókè nílẹ̀, bó ṣe máa ń gé nǹkan á dagun, ojú ẹ̀ á mọ́ bíi pé ẹ fi ọ̀bẹ gé e. Àgbọ̀nrín ò ní eyín iwájú lókè, bíi ti ewúrẹ́ gẹ́lẹ́, torí náà ń ṣe ló máa ń fi ẹnu di ewé mú tá sì fà á já, ojú ibẹ̀ á rí jákujàku. Ìgbẹ́ ehoro rí roboto, ó sì kéré bí hóró ẹ̀wà, ti àgbọ̀nrín tóbi ju ìyẹn lọ ó sì gùn díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀gbìn kékeré tí wọ́n gé láti ìdí tí wọ́n sì fi sílẹ̀ síbẹ̀ láìjẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdin inú ilẹ̀ tó máa ń jáde lóru, ẹ fọwọ́ tú ilẹ̀ ìdí ẹ̀ wò, ẹ máa bá a níbẹ̀ tó ká kò. Ewé tó kún fún ihò wẹ́wẹ́, kòkòrò ni, kò sí fẹ́ńsì tó kàn án. Tòmátì tí wọ́n gé jẹ lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n sì sọ nù, ẹ lọ bi ọ̀kẹ́rẹ́.

Ẹnì kẹta tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fura sí ni groundhog. Ẹ ti lè rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹranko sísanra kan tẹ́sẹ̀ ẹ̀ kúrú, tó máa ń dúró lórí ẹsẹ̀ méjì wo àyíká, téèyàn bá sì kọ́kọ́ rí i lókèèrè á rò pé ọ̀yà ló tẹ̀lé òun dé Amẹ́ríkà. Ojúmọmọ ló máa ń jẹun ní tiẹ̀, kì í jẹ ẹ ní kékeré, ọ̀sán kan ṣoṣo ti tó o láti jẹ bẹ́ẹ̀dì kan dé ìdí. Ẹnu ihò ẹ̀ máa ń fẹ̀ tó íǹṣì 10 sí 12, erùpẹ̀ á sì kójọ síwájú ẹ̀, abẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì tàbí abẹ́ dẹ́ẹ̀kì ló sì fẹ́ràn jù. Ẹ yẹ abẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì yín wò, ẹ yẹ ìdí fẹ́ńsì aládùúgbò náà wò. Tí ò bá ṣì tíì dá a yín lójú, ẹ bu ìyẹ̀fun sílẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí bẹ́ẹ̀dì ká lálẹ́ ọjọ́ tójò ò ní í rọ̀, ẹ wá wo ipasẹ̀ wọn láàárọ̀. Pátákò tó là sí méjì, àgbọ̀nrín nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn.

Ó wá ku ti wáyà tẹ́ ẹ fi yí i ká tí wọ́n tún wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ń ṣe ni wọ́n gbẹ́ abẹ́ ẹ̀ wọlé. Ehoro ilẹ̀ Yúróòpù, irú èyí táwọn èèyàn ń sìn nínú àgò, ló máa ń gbẹ́ ihò gbé. Ti Amẹ́ríkà, cottontail, kì í gbẹ́ ihò fúnra ẹ̀, inú koríko gígùn àti abẹ́ igbó ló máa ń lúgọ sí, tó bá sì fẹ́ sá, á kó sínú ihò tí groundhog ti gbẹ́ sílẹ̀. Òótọ́ ni pé tó bá rí àyè kékeré lábẹ́ wáyà, á fẹsẹ̀ wa ilẹ̀ díẹ̀ á sì forí tì í títí á fi kọjá, àmọ́ ohun tí mo fura sí jù ni ojú wáyà yẹn fúnra ẹ̀. Èyí aláwọ̀ ewé tí wọ́n sábà ń tà fún gádìn, ojú ẹ̀ máa ń fẹ̀ tó íǹṣì 2, ó sì máa ń gùn tó 3 tàbí 4. Ìyá ehoro lè má gba ibẹ̀, ọmọ ẹ̀ á gba ibẹ̀ kọjá láìdúró kí ẹnikẹ́ni. Ọmọ yẹn ò sì ní tán nílẹ̀, torí bí ọjọ́ 28 ni oyún ehoro, á bí bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, á tún lóyún míì kíákíá, láti ìgbà tí ooru bá ti bẹ̀rẹ̀ títí di ìparí ẹ̀rùn. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kúrò nínú ìtẹ́, ó ti ń wá ẹ̀fọ́ kiri, kò sì tíì tóbi ju ìkúùkù èèyàn lọ. Òun gan-an lẹ ń ṣe fẹ́ńsì dè, ẹ gbàgbé ìyá ẹ̀.

Ní ti káńfọ̀, ẹ bá mi kí màmá dáadáa, ẹ má sọ pé mo ní wọ́n ṣì yín lọ́nà o. A kúkú mọ bó ṣe rí nílé, ejò, káńfọ̀, aáyán, káńfọ̀, eku, káńfọ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n inú àpótí aṣọ tí wọ́n dé pa ni wọ́n ṣe é fún, kí òórùn ẹ̀ lè kún ibẹ̀ kó sì pa kòkòrò tó ń jẹ aṣọ. Tẹ́ ẹ bá dà á síta gbangba, atẹ́gùn á kàn gbé e lọ ni, ehoro á sì rọra rìn láàárín ẹ̀ lọ jẹ tẹ̀tẹ̀. Ká ní kò ṣiṣẹ́ nìkan ni, mi ò bá má sọ̀rọ̀ jù. Naphthalene tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀ jẹ́ májèlé, ó sì funfun roboto bíi súìtì lójú ọmọdé. Èyí tó tún kan àwa gan-an ni pé ó máa ń ba sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́, pàápàá lára ẹni tó bá ní àìtó G6PD, èròjà inú ara tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa, àìtó yìí sì wọ́pọ̀ láàárín àwa ọmọ Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ni ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn ní in. Òfin Amẹ́ríkà náà ò fàyè gbà á kéèyàn lo oògùn kòkòrò níbi tí wọn ò kọ sára páálí ẹ̀. Torí náà ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣa gbogbo ẹ̀ kúrò lónìí, ẹ dì í sínú láílọ́ọ̀nù tẹ́nu ẹ̀ dé, kọ́wọ́ àwọn ọmọ má tó o. Ewé tó bá kan án ní tààrà, ẹ má jẹ ẹ́. Tẹ́nì kan bá sì tún ní kẹ́ ẹ fi májèlé eku pò mọ́ oúnjẹ fún ehoro, ẹ má dá a lóhùn, ajá aládùúgbò àti ẹyẹ tó bá gbé òkú ẹ̀ jẹ á kú sí i.

Ẹ máa gbọ́ oríṣiríṣi lẹ́nu àwọn èèyàn, ọṣẹ olóòórùn tí wọ́n so rọ̀, irun tí wọ́n gbá ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ìtọ̀ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ inú ìgò, òwìwí oníke, ẹ̀rọ tó ń dún dídún tétí èèyàn ò gbọ́. Òwìwí oníke tí kò mira, láàárín ọjọ́ mélòó kan ehoro á ti mọ̀ pé kò lè ṣe òun ní nǹkan kan. Ẹ̀rọ olóhùn yẹn, ẹ jẹ́ kówó yín wà lápò. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ nínú wọn ni oògùn fínfín tí wọ́n fi ẹyin bíbàjẹ́ ṣe, pẹ̀lú èyí tí wọ́n fi ata ṣe. Ata máa ń ta ẹranko tó ń fọ́mọ lọ́mú lẹ́nu, kì í ta ẹyẹ, ìdí nìyẹn táwọn tó ń bọ́ ẹyẹ fi máa ń pò ó mọ́ oúnjẹ ẹ̀ kí ọ̀kẹ́rẹ́ má baà jẹ ẹ́. Ìṣòro ẹ̀ ni pé òjò kan ṣoṣo á fọ̀ ọ́ lọ, ẹ tún gbọ́dọ̀ fín in míì, àti pé tẹ̀tẹ̀ nínú oṣù keje, ojoojúmọ́ ló ń yọ ewé tuntun, ewé tó yọ lónìí ò sí níbẹ̀ lánàá tẹ́ ẹ fín oògùn, ewé tuntun yẹn gan-an ló sì rọ̀ jù tí wọ́n fẹ́ jẹ. Ẹ sì rántí pé ewé lẹ̀yin náà fẹ́ jẹ, kì í ṣe òdòdó, nítorí náà ẹ ka ara ìgò dáadáa kẹ́ ẹ rí i pé wọ́n fọwọ́ sí i fún ohun jíjẹ, ọ̀pọ̀ ni wọn ò fọwọ́ sí. Ẹ̀rọ omi tó máa ń tú jáde lójijì tí nǹkan bá kọjá níwájú ẹ̀ dáa ju gbogbo ìyẹn lọ, òun náà á mọ́ wọn lára tó bá yá, àmọ́ ó lè ra ọ̀sẹ̀ díẹ̀ fún yín.

Ọ̀rọ̀ tàkúté ọkọ yín, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú sùúrù. Lákọ̀ọ́kọ́, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ òfin ò gbà kéèyàn gbé ẹran ìgbẹ́ láti ibì kan lọ tú sílẹ̀ níbòmíì, torí àìsàn tó lè tẹ̀ lé e, Maryland Department of Natural Resources sì lẹ gbọ́dọ̀ bi kẹ́ ẹ tó dán ohunkóhun wò. Lẹ́yìn ìyẹn, tẹ́ ẹ bá kó ehoro mẹ́ta lọ, tẹ̀tẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, koríko gígùn ṣì wà níbẹ̀, mẹ́ta míì á wá gba ilé àwọn tó lọ. Tó bá sì jẹ́ ìyá ọlọ́mọ lẹ mú, àwọn ọmọ ẹ̀ á kú sínú ìtẹ́ nínú láàwùn yín. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa sọ nínú ẹ̀ pé ṣebí ẹran ehoro dùn, kí la ń fi ẹran ṣòfò sí jàre. Ó dùn lóòótọ́. Àmọ́ ehoro jẹ́ ẹran ọdẹ níbí, ó ní àsìkò tiẹ̀ nígbà òtútù, ó ní láísẹ́ǹsì, àdúgbò tílé ti sún mọ́ra kọ́ ni wọ́n ti ń yìnbọn. Wọ́n tún máa ń ní àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní tularemia tó lè ran èèyàn, nítorí náà tẹ́ ẹ bá bá òkú ehoro, ẹ má fọwọ́ lásán gbé e.

Ohun tó kù ni fẹ́ńsì gidi, òun sì ni mo gbà gbọ́ ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ẹ ra wáyà adìẹ tójú ẹ̀ ò ju íǹṣì 1 lọ, èyí tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3. Tẹ́ ẹ bá lówó díẹ̀ sí i, ẹ ra hardware cloth, ìyẹn wáyà onírin tójú ẹ̀ jẹ́ igun mẹ́rin kéékèèké, òun le jù, ó sì máa pẹ́ ju wáyà adìẹ lọ. Ẹ má na gbogbo ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè o. Ẹsẹ̀ bàtà 2 ni kó dúró, ehoro kì í sábà fo ju ìyẹn lọ láti wá oúnjẹ, kẹ́ ẹ wá tẹ ẹsẹ̀ bàtà 1 tó kù síta, kó sùn sílẹ̀ lórí koríko, kó kọjú sọ́dọ̀ ehoro, kì í ṣe sọ́dọ̀ ẹ̀fọ́. Ìdí ẹ̀ ni pé ẹranko tó bá fẹ́ wọlé, ìdí fẹ́ńsì gan-an ló máa ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀, tó bá sì ti ń kan wáyà lábẹ́ ẹsẹ̀, kò mọ̀ pé kóun sún sẹ́yìn. Ẹ fi irin tí wọ́n ká bí ìkọ́ kàn án mọ́lẹ̀ dáadáa, koríko á hù bò ó, ẹ ò ní rí i mọ́, ẹ kàn máa ṣọ́ra tẹ́ ẹ bá ń gé láàwùn. Tó bá jẹ́ èmi, fẹ́ńsì kan ṣoṣo ni màá fi ká bẹ́ẹ̀dì méjèèjì àti ilá àti ata, pẹ̀lú àyè téèyàn lè gbà kọjá, torí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló máa wá ní, ẹnu ọ̀nà sì ni ọ̀pọ̀ fẹ́ńsì ti ń já. Àwọn èèyàn á ṣe gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ dáadáa, wọ́n á wá fi àlàfo íǹṣì 3 sílẹ̀ lábẹ́ gééètì. Ẹ tẹ́ òkúta pẹlẹbẹ síbẹ̀ kí gééètì máa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a. Kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ihò òpó, ẹ pe 811, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á wá fi àmì síbi tí páìpù gáàsì àti wáyà iná gbà kọjá, òfin ló sọ bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì wà lábẹ́ HOA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò, ẹ ka ìwé wọn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn míì ò ní bínú sí fẹ́ńsì kúkúrú, àmọ́ tó bá ti ga, ìwé á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Kẹ́ ẹ tó dé fẹ́ńsì náà pa, ẹ wo inú ẹ̀ dáadáa bóyá ehoro ti ṣe ìtẹ́ síbẹ̀, kòtò kékeré ni, koríko gbígbẹ àti irun ni wọ́n fi ń bo ojú ẹ̀. Ìyá wọn kì í jókòó tì wọ́n, àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ìrọ̀lẹ́ ló máa ń yọ́ wá fún wọn lọ́mú, torí náà tẹ́ ẹ bá rí ọmọ láìsí ìyá, kì í ṣe pé ó ti kọ̀ wọ́n. Kò sí òótọ́ nínú pé tọ́wọ́ èèyàn bá ti kàn wọ́n ìyá á sá lọ. Ẹ fi ojú kan sílẹ̀ fún un fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á kúrò fúnra wọn. Mo mọ̀ pé ìyẹn ń bí èèyàn nínú nígbà tẹ́fọ̀ọ́ ń tán lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni àgbọ̀nrín. Fẹ́ńsì tó máa dá a dúró pátápátá gbọ́dọ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 8, ìyẹn á gbówó, HOA á sì lè kọ̀ ọ́. Oore tẹ́ ẹ ní ni pé gádìn yín kéré. Àgbọ̀nrín kì í fẹ́ fò bọ́ sínú ibi tóóró tí kò ti ní rí àyè sáré jáde, nítorí náà fẹ́ńsì tí kò ga tó bẹ́ẹ̀ ti tó ọ̀pọ̀ ológbà kékeré, pàápàá tí bẹ́ẹ̀dì bá kún inú ẹ̀. Mi ò lè fi ìyẹn búra fún yín, nígbà tébi bá pa á dáadáa á gbìyànjú. Ohun tí màá dábàá ni kẹ́ ẹ rì òpó gíga láti ìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ fi wáyà ehoro sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ wá so nẹ́ẹ̀tì dúdú oníke tí wọ́n ń tà fún àgbọ̀nrín sókè ẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn láti ojú títì, tẹ́ ẹ bá sì rí i pé ẹ ò nílò ẹ̀ ẹ lè tú u. Níbi tí àgbọ̀nrín bá ti ń rìn, eégbọn kékeré tó ń gbé àìsàn Lyme kiri wà níbẹ̀, torí náà ẹ máa yẹ ara yín àti tàwọn ọmọ wò tẹ́ ẹ bá ti gádìn wọlé, ẹ wo ẹ̀yìn orúnkún, abíyá àti ìdí irun.

Tó bá wá jẹ́ groundhog lẹ rí, fẹ́ńsì ehoro ò ní í tó, torí ó ń gbẹ́ ilẹ̀, ó sì ń gun nǹkan. Ẹ gbé wáyà náà sókè dé ẹsẹ̀ bàtà 3 tàbí 4, kẹ́ ẹ má so bí ẹsẹ̀ bàtà 1 tó wà lókè mọ́ òpó, ẹ jẹ́ kó máa mì kó sì tẹ̀ síta, tó bá ń gùn ún á tẹ̀ lé e lórí á sì padà sílẹ̀. Tó bá ń gbé abẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì yín tí kò fẹ́ lọ, ẹ pe àwọn tó ní láísẹ́ǹsì fún iṣẹ́ yẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án, òun náà lè ní àìsàn ajá dìgbòlugi.

Ẹ ní kí lẹ máa ṣe tẹ́ ẹ fi máa rí ẹ̀fọ́ jẹ lọ́dún yìí. Ẹ má tíì hú tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n gé, tó bá ṣẹ́ ku oríkèé méjì mẹ́ta lára igi ẹ̀, á tún rú, á tiẹ̀ pẹ̀ka. Ẹ̀wà tí wọ́n gé dé ilẹ̀ ti lọ, ẹ tún un gbìn kí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje tó kọjá. Kẹ́ ẹ tó parí fẹ́ńsì, ẹ ra aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń pè ní row cover, ẹ fi bo tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú, kẹ́ ẹ fi òkúta tẹ etí ẹ̀ mọ́lẹ̀ yíká, oòrùn àti omi á wọlé, ehoro ò ní wọlé, ewé lẹ sì ń wá lára wọn, wọn ò nílò oyin kankan. Ẹ má fi bo kùkúńbà tàbí ẹ̀gúsí tó bá ti ń tanná, ìyẹn nílò oyin. Ewé tẹ́ ẹ bá rí ìgbẹ́ ẹranko lórí ẹ̀ tàbí tí wọ́n ti fẹnu kàn, ẹ jù ú nù, ẹ má ní ẹ máa bọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá da ìyẹ̀fun yẹn sílẹ̀ lálẹ́ yìí, ẹ ya fọ́tò ipasẹ̀ tẹ́ ẹ bá rí láàárọ̀ ránṣẹ́ sí mi kẹ́ ẹ tó jáde lọ ra wáyà.